Shuijiao àti guotie ní Taipei: ẹni tó mọ̀ ọ́n kó wá sọ ọ́

Àdìó Taipei
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Oṣù kẹsàn-án ń bọ̀, àwọn àbúrò tó fẹ́ wá kàwé sì ti ń béèrè báwo lèèyàn ṣe ń jẹun ní àwọn ṣọ́ọ̀bù shuijiao (fúláwà tí wọ́n fi di ẹran àti ewébẹ̀, tí wọ́n wá bọ̀ lómi) tó kún gbogbo àdúgbò níbí, níbi tí wọn kì í ti í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kí oníkálukú sọ èyí tó mọ̀. Mi ò béèrè ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà dúró ní Taipei 101, ilé gogoro yẹn, o. Ṣọ́ọ̀bù alága oníke, tí ìyá kan ń dín guotie (bíi shuijiao, àmọ́ díndín ni) lẹ́nu ọ̀nà, ni mo ní lọ́kàn.

Ìyá Sùúrù
Bébà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Bébà pélébé kan àti pẹ́ńsù máa ń wà lórí tábìlì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsanwó. Orúkọ oúnjẹ wà lápá kan, àyè òfìfo wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà tábìlì yín sókè, kẹ́ ẹ wá kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ sínú àyè yẹn. Ibẹ̀ làwọn àlejò ti ń ṣì í: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ń ta shuijiao àti guotie, kì í ṣe àwo-àwo, ẹyọ kan kì í sì í sábà tó dọ́là Taiwan 10. Ẹni tó bá kọ 1, ẹyọ kan ló rà yẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ 10, tẹ́ ẹ fi ọbẹ̀ abọ́ kan tì í, ó tó èèyàn jẹ. Ẹni tí ebi ń pa gan-an, 15. 內用 ni ti ẹni tó máa jókòó jẹ, 外帶 ni ti ẹni tó fẹ́ gbé e lọ. Ẹ mú bébà lọ síwájú, kẹ́ ẹ sanwó. Ilé tó pọ̀ jù ń gbowó kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá. Igi ìjẹun, ṣíbí àti àwo kékeré, ẹ̀yin lẹ máa dìde lọ mú un. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé e wá bá yín. Wọn kì í gba tíìpù, owó ìdúpẹ́ lórí oúnjẹ, ẹ má fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n á sáré lé yín bọ̀ wá dá a padà.

Kò-Yó
15 kẹ̀, Ìyá Sùúrù? Ìpápánu nìyẹn.

Alfa Taichung
Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹlẹ́dẹ̀. Níbí, tí wọn ò bá dárúkọ ẹran, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bébà yẹn kàn máa ń kọ orúkọ ewébẹ̀ ni: 高麗菜 ni kábéèjì, 韭菜 ni ewé kan tó jọ àlùbọ́sà eléwé. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ewébẹ̀ nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ wà nínú méjèèjì. Èyí tí wọ́n fi kimchi (kábéèjì kíkan aláta ti Kòríà) sí, ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Ẹ há àmì wọ̀nyí sórí: 豬 ẹlẹ́dẹ̀, 牛 màlúù, 雞 adìyẹ, 蝦 edé, 素 aláìlẹ́ran. Ti edé gan-an, wọ́n sábà máa ń pò ó mọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀, ilé tó kọ 清真 (ìyẹn hàlálì) síwájú ni kó wá, ti màlúù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Taipei, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará mọ́sáláṣí ńlá tó wà ní Xinsheng South Road lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n á júwe rẹ̀ fún un.

Tọ́lá B.
Alfa, ṣé ti 素 ò tó? Aláìlẹ́ran ṣáà ni.

Alfa Taichung
@Tọ́lá B. Inú rẹ̀ mọ́, páànù ńkọ́? Páànù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dín gbogbo guotie, omi kan náà ni wọ́n fi ń se gbogbo shuijiao. Ilé tí gbogbo oúnjẹ ibẹ̀ jẹ́ 素 ni kí ẹ wọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé nítorí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n ṣe ń sè é, wọn kì í fi aáyù tàbí àlùbọ́sà sí i, nítorí náà ó máa ń tẹ́ lẹ́nu. Èyí tó bá kọ 蛋素, ẹyin wà nínú ẹ̀.

Màmá Ṣadé
Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ẹ ò tíì sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Suanlatang, ọbẹ̀ kíkan tó ń ta, lóhun tí gbogbo èèyàn ń fi jẹ guotie. Tofu (wàrà sóyà), olú dúdú, kárọ́ọ̀tì, ọ̀mùnú ọparun àti ẹyin pípò ló wà nínú ẹ̀, sítáàṣì ló mú un ki. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan máa ń fi ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dì, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, sínú ẹ̀.

Kò-Yó
Ẹ̀JẸ̀???

Pásítọ̀ kékeré
Màmá Ṣadé, ẹ má dẹ́rù bá àwọn ọmọ. Kì í ṣe gbogbo ilé.

Màmá Ṣadé
Mi ò sọ pé gbogbo ilé, sà. "Àwọn ilé kan" ni mo kọ. Bí wọ́n ṣe máa dá a mọ̀ nìyí: tofu funfun, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ara rẹ̀ ń dán. Kò sì wúlò kéèyàn ní kí wọ́n má fi sí i, torí ìkòkò ńlá kan ni wọ́n ti sè é sí láti àárọ̀. Wọ́n á kàn fi ìgbakọ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, kó mu ọbẹ̀ àgbàdo. Ṣùgbọ́n kó wo ìyẹn náà dáadáa, ẹlẹ́dẹ̀ gígé wẹ́wẹ́ lè wà nínú ẹ̀.

Alfa Taichung
Ẹ ṣé, Màmá. Omi tútù tó fún tèmi.

Délé Lọ́ńdọ̀nù
Gbogbo èyí, oúnjẹ Ṣáínà ni. Ẹ má pè é ní ti Taiwan.

Àdìó Taipei
Ẹ̀gbọ́n Délé tún ti dé.

Olùkọ́ Ìtàn
Ṣáínà ló ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe dé ibí. Nígbà tí ìjọba Chiang Kai-shek, tó pàdánù ogun abẹ́lé ní Ṣáínà, sá wá sí erékùṣù yìí ní 1949, bíi mílíọ̀nù kan ọmọ ogun àti ará ìlú ló bá wọn wá, àwọn ará àríwá tó wà láàárín wọn sì jẹ́ ẹni tí fúláwà jẹ́ oúnjẹ wọn. Ìrẹsì ni wọ́n bá níbí. Ìrànwọ́ Amẹ́ríkà láti 1951 sí 1965 wá kó àlìkámà wọlé, fúláwà pọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Xiaolongbao (fúláwà tí wọ́n fi di ẹran, tí omi ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀) ti ilé oúnjẹ Din Tai Fung tẹ́ ẹ ń tò sí ní Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn, Yang Bingyi tó dá a sílẹ̀, ará Shanxi ní àríwá Ṣáínà ni, òróró ló sì ń tà nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1958. Nígbà tí ọjà òróró ò wá lọ mọ́, wọ́n yí sí xiaolongbao ní 1972. Shanghai ni wọ́n ti mọ xiaolongbao tẹ́lẹ̀, àmọ́ awọ tín-ín-rín oníṣẹ́po 18 yẹn, Taipei ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri. Ẹ tún wo guotie ibí: gbọọrọ ni, orí méjèèjì ṣí sílẹ̀.

Délé Lọ́ńdọ̀nù
Ó dáa. Kí ló dé tí orí ẹ̀ ṣí sílẹ̀? Ṣé wọn ò ráyè dì í ni?

Olùdáná Ọ̀yọ́
Ìdí wà. Omi ẹran máa ń ṣàn jáde láti orí méjèèjì sínú páànù, òun ló ń mú kí ìdí ẹ̀ pọ́n kó sì dùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á da òróró sí páànù pẹlẹbẹ, wọ́n á tò ó pẹ́kípẹ́kí, iná wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí méjì, wọ́n á da omi tí wọ́n po fúláwà díẹ̀ sí, ṣíbí ìjẹun 1 sí kọ́ọ̀bù omi 1, kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ẹ̀, wọ́n á dé e. Ìṣẹ́jú 7 sí 8. Etí lẹ máa fi mọ̀ pé ó jinná: ariwo omi tó ń hó á yí padà di ti òróró tó ń dín. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣí i, kí oorù lè jáde. Ẹni tó bá ṣí i ṣáájú, awọ òkè á ṣì funfun, á le. Ẹni tó bá da fúláwà jù sí omi, ìdí ẹ̀ á ki, kò ní ta kàn-ìn lẹ́nu.

Súúwẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, omi ọbẹ̀ inú xiaolongbao, báwo ló ṣe débẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gún un?

Olùdáná Ọ̀yọ́
Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ní dídì ló ń wọ ibẹ̀. Wọ́n á se awọ ẹlẹ́dẹ̀ títí tí omi ẹ̀ á fi máa lẹ̀ mọ́ ìka, wọ́n á gbé e sí fíríìjì, á dì. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ ẹran. Ìgbà tí ooru bá kàn án nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun ló ń yọ́ di ọbẹ̀. Tí ilé ìdáná bá gbóná nígbà tí wọ́n ń dì í, á yọ́ ṣáájú, ìdí á rin, á ya. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, orí tí wọ́n ká jọ ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fún ikùn ẹ̀. Ẹ gbé e sórí ṣíbí, ẹ fi eyín lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ mu omi ẹ̀ ná. Ẹni tó bá jù ú sẹ́nu lódindi, ahọ́n ẹ̀ á bó.

Bọ́lá Pẹ́kámù
Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Awọ ṣáà ni òun náà.

Kò-Yó
Bọ́lá ti sọ̀rọ̀!!! Xiaolongbao elépọ̀nmọ́.

Màmá Ṣadé
Ẹ má fi pọ̀nmọ́ ṣe é. Iná tí wọ́n fi sun ún máa ń fi òórùn èéfín sílẹ̀, òórùn yẹn á bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ̀kọ́tọ̀ ló dáa.

Bọ́lá Pẹ́kámù
Pọ̀nmọ́ funfun tí wọ́n fi omi gbígbóná fá ò ní òórùn èéfín, Màmá.

Màmá Ṣadé
Ìyẹn náà, wọ́n ti sè é kó tó dé ọjà, èyí tó yẹ kó dì ti bá omi lọ. Bọ̀kọ́tọ̀ tútù, tàbí ẹsẹ̀ adìyẹ kílò 1 sí omi lítà 2, wákàtí 3 lórí iná kékeré, pẹ̀lú atalẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ. Tí kò bá dì lẹ́yìn òru kan nínú fíríìjì, ẹ gbé e padà sórí iná kó fà sí i.

Alfa Taichung
Ẹ ò rí i pé àwa náà máa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

Jọkẹ́
Ata wọn ò ta o. Kí àwọn àbúrò gbé ata gígún wá láti ilé.

Ìyá Sùúrù
Jọkẹ́, òkè lo bù. Òróró pupa tó léfòó yẹn, òórùn nìkan ló ní. Fi ṣíbí kan ìsàlẹ̀ ìgò ata, ibẹ̀ ló wà. Omi ìtọbọ̀ gan-an lẹ̀yin lẹ máa pò ó fúnra yín: ti guotie, soy sauce (omi sóyà dúdú oníyọ̀) tó ki, aáyù lílọ̀ àti ata. Ti xiaolongbao, soy sauce ìdá 1, fínígà ìdá 3, atalẹ̀ tí wọ́n gé bí okùn. Ẹ ṣọ́ra fún fínígà dúdú Taiwan, wọ́n máa ń fi èso àti ewébẹ̀ ṣe é, ó dùn ju ti Ṣáínà lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kíkan gidi, funfun ni kẹ́ ẹ mú.

Pásítọ̀ kékeré
Kí wọ́n má sì fi igi ìjẹun gúnlẹ̀ sínú abọ́ ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún òkú nìyẹn.

Súúwẹ̀
Shuijiao tó dì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ńkọ́? Yàrá ilé ìwé ò ní ju iná kan.

Olùdáná Ọ̀yọ́
Ẹ má jẹ́ kó yọ́ kẹ́ ẹ tó sè é. Tó bá yọ́, awọ wọn á lẹ̀ mọ́ra, á ya. Láti inú fíríìsà bọ́ sínú omi tó ń hó, omi tó pọ̀, kó má ju 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í lójú kan náà kó má lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Tó bá hó, ẹ da omi tútù kọ́ọ̀bù kan sí i. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tútù yẹn ni kì í jẹ́ kí awọ fọ́ kí inú tó jinná. Tó bá léfòó, tí ikùn ẹ̀ wú, ẹ gé ọ̀kan wò.

Kò-Yó
Màkìrówéèfù ńkọ́?

Olùdáná Ọ̀yọ́
Etí ẹ̀ á le bíi bàtà, àárín á ṣì tutù. Ìkòkò ni kẹ́ ẹ rà.