Ìbọn Lebel bàbá àgbà: ta ló ti ta irú rẹ̀ rí?

Ọmọ Ìdènà, Kétu: Ẹ káàárọ̀ o. Ìbọn bàbá bàbá wa ti wà lórí àjà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Sójà Faransé ni wọ́n. Lebel ni wọ́n pè é, ìbọn sójà Faransé àtijọ́; mo rí "St Etienne Mle 1886 M93" lára rẹ̀. Ẹnì kan láti Kútọnù ní òun máa san 80.000 sèfà. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ yín, kí lojú yín rí?

Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́: Wo nọ́ńbà ná. Ó wà lára ọ̀pá, lára igi ìdí, àti lára irin tí à ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan náà, jẹ́ kó fowó kún owó. Tèmi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn méjì ló jọ tú ìbọn sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Ògún pé àwọn fẹ́ nù ún. Wọ́n mu ẹmu, wọ́n wá tò ó padà bó ṣe bá ojú wọn mu. Ẹni tó fẹ́ rà á rẹ́rìn-ín títí, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ìyá Aláàdí: Yéè! Ẹmu jẹ ogún.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́: Tiyín sàn. Èmi fọ tèmi! Iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́, ọjọ́ méjì gbáko. Igi náà ń dán bí àga ìyàwó tuntun. Òǹrajà gbé e, ó fi àtàǹpàkò pa ìdí rẹ̀ níbi tí àmì róbótó ti ilé iṣẹ́ yẹ kó wà, ó mí kanlẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Kò tilẹ̀ dá iye kankan.

Ìyá Aláàdí: Àdí díẹ̀ àti àkísà ló tó o. Ẹ wá rà lọ́wọ́ mi 😄

Ojú Lalákàn: Ẹ má bínú, ìjọba máa ń gba ìbọn padà kí sójà tó kúrò ní bárékè. Báwo lèyí ṣe dé orí àjà?

Ọmọ Ìdènà, Kétu: Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá wa lẹ ń pè lólè?

Ojú Lalákàn: Rárá o. Wọ́n lè rà á. Ṣùgbọ́n láìsí ìwé sójà wọn pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn nínú rẹ̀, ìtàn lásán ni òǹrajà máa gbọ́.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́: Òótọ́ ni. Wọ́n fẹ́ ta "ìbọn tí Béhanzin, ọba Dàhómì, gbà lọ́wọ́ Faransé ní 1892" fún ẹ̀gbọ́n mi. M93 gàdàgbà lára rẹ̀! Àtúnṣe 1893 nìyẹn. Ṣé Béhanzin gbé e lọ fún Faransé kí wọ́n bá a tún un ṣe ni?

Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́: 😂😂😂

Arákétu Tòótọ́: Ẹ má dárúkọ ọkùnrin yẹn níbí. Òun ló fọ́ Kétu ní 1886.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́: Glẹ̀lẹ̀ ló wà lórí oyè nígbà náà.

Arákétu Tòótọ́: Bàbá ta ni Glẹ̀lẹ̀?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́: Ti Béhanzin. Ó dáa, mo gbà.

Ìyá Aláàdí: Ẹ̀yin ọkùnrin, kò sẹ́ni tó bi ọmọ yìí bóyá ọta wà nínú rẹ̀?

Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́: Ìyá, ẹ ṣeun. Ọta mẹ́jọ ló ń wọ inú ihò abẹ́ ọ̀pá Lebel, ojú kì í rí wọn láti ìta. Má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

Ọmọ Ìdènà, Kétu: Ọdẹ àdúgbò wa ti tú u. Òfìfo ni. Nọ́ńbà igi àti ti ọ̀pá bára mu. Ti irin tí à ń fà ò bá wọn mu. Ta ló mu ẹmu nílé wa báyìí?

Ọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́: Dúró ná. Ka nọ́ńbà irin yẹn fún mi.