A ti kó dé o: ibi tí ọ̀rọ̀ ilé tí mo bi yín já sí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo bi yín lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí a fẹ́ kó kúrò ní ìlú ńlá lọ sí ìlú kékeré: ṣé ká gba ilé kékeré láàárín ìgboro ni, àbí ilé tuntun lẹ́yìn ìlú, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti ìgboro?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lọ wò ó lálẹ́, ẹ ṣé gan-an. Ilé ẹ̀yìn ìlú yẹn ni ọkàn mi ti fà sí. Mo débẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òkùnkùn biribiri, fóònù mi ò gbé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rárá. Ìyẹn ṣì kéré. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni mo ti rí ìlà pupa kan lára ògiri, ó ga tó orúnkún. Aṣojú onílé ní ọ̀dà ni. Ọ̀dà wo ló máa ń fi ẹrẹ̀ gbígbẹ sínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì? Omi ti wọ ilé yẹn rí ni.

La bá mú ti ìgboro. Yàrá kan ló fi dín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. A ò rà á o, ọdún kan péré la háyà rẹ̀ ná.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní: kò sí ibi téèyàn lè sá pamọ́ sí níbí. Ìyá kan lójúlé kejì ti ń bi mí ìdí tí mo fi pẹ́ délé lánàá. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ṣì ń wò ó.