Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí orúkọ tí kò bára mu nínú ìwé Kánádà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè ohun tí mo lè ṣe, nítorí pé orúkọ bàbá mi ló wà nínú ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi, ti ọkọ mi ló wà nínú ìwé ìrìnnà, ọjọ́ 60 péré ni Kánádà sì fún mi láti kó ìwé PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n má ṣe pààrọ̀ ìwé ìrìnnà ló ṣiṣẹ́. Mo lọ búra ní kóòtù níbí, l'Ábẹ́òkúta, mo gbé àyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, mo fi ìwé ìgbéyàwó tì í, mo wá kọ lẹ́tà àlàyé. Ẹ má fojú di lẹ́tà yẹn rárá! Ibẹ̀ ni mo ti to gbogbo rẹ̀: orúkọ àtijọ́, ọjọ́ ìgbéyàwó, orúkọ tuntun, àti ìwé tó jẹ́rìí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ lórí orúkọ.

Ìwé ọlọ́pàá, èyí tó ń fi hàn bóyá èèyàn ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, ni mo tètè gbà jù. Kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ lọ́jọ́ tí a bá fi sílẹ̀, ni mo bá tún san owó òmíràn.

Ó wá ku PR fúnra rẹ̀. Oṣù 12 ni àyẹ̀wò ara fi ń ṣiṣẹ́, tèmi ti lo 7, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lórí ìyẹn. Mo ti fa ìsọ̀ àdìrẹ mi n'Ítòkú lé àbúrò mi lọ́wọ́, mo sì ń kọ́ màámi bí wọ́n á ṣe máa rí ojú mi lórí WhatsApp.

Ẹ ṣé gan-an ni.