Ẹ̀yin tí bàbá yín ti gba ìtànṣán fún jẹjẹrẹ prostate, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Jẹjẹrẹ prostate ni wọ́n bá lára bàbá mi, ẹni ọdún 57. Dókítà ní kò tíì ràn dé ibòmíràn nínú ara, pé ká yan iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán. Bàbá ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ rárá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àpò ìtọ̀ àti ìsàlẹ̀ ìfun sún mọ́ prostate pẹ́kípẹ́kí. Ìtànṣán máa ń kàn wọ́n, ó sì lè fa jẹjẹrẹ mìíràn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 5, 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní ewu náà kéré, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń gùn nínú ìdílé wa. Bàbá bàbá mi lé ní 90.

Ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí ti kàn, àyẹ̀wò wo lẹ ṣì ń ṣe? Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ nínú ìtọ̀, ṣé wọ́n fi kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀, àbí wọ́n kàn ní egbò ìtànṣán ni? Kí ló yẹ ká bi dókítà ká tó fọwọ́ síwèé? Àgbo kọ́ ni mò ń wá o, ìrírí yín ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa fún wọn lésì.