Gìrì: kí lẹ ṣe lọ́jọ́ tó gbé ọmọ yín?

Ìyá Àyọ̀: Ẹ kú ilé o. Lóru àná ara ọmọ mi ọlọ́dún méjì gbóná janjan, ibi tí mo ti ń wá parasítámọ́ọ̀lù olómi ni ojú ẹ̀ ti yí sókè, ó gan, apá tẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ti kú ni. Ìyá ọkọ mi ní ká fi ṣíbí há a lẹ́nu. Ẹni tó ti rí i rí, ẹ jọ̀ọ́.

Àdùkẹ́: Ṣíbí kẹ̀! Ṣíbí ló ká eyín iwájú méjì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Gìrì ọ̀hún ò sì pé ìṣẹ́jú méjì.

Bàbá Ìbejì: Tó bá wá gé ahọ́n ẹ̀ jẹ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Bàbá Ìbejì, ahọ́n máa ń jiná ṣá, eyín tó bọ́ sọ́nà ọ̀fun ló le. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má dì í mú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ wo aago. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e, ẹ máa sáré lọ sọ́síbítù. Kódà tó bá dáwọ́ dúró, ẹ ṣì gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, torí ibà tó wọ ọpọlọ náà máa ń mú ọmọ gan.

Àlàkẹ́: Àgbo gìrì ni wọ́n fi wo àwa o, kò ṣe wá ní nǹkan kan.

Mọ́rẹ̀nikẹ́: Ẹ̀yin ni kò ṣe. Wọ́n fún àbúrò mi ní ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi tábà àti àlùbọ́sà rẹ, ife rọ́bà pupa, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ẹ̀ dòní. Gìrì ti lọ kí wọ́n tó fún un o, ó tiẹ̀ ti ń béèrè omi. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a.

Àlàkẹ́: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mi ò mọ̀.

Bàbá Ìbejì: Ṣé kì í di wárápá?

Tósìn London: Níbí náà ó mú ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn òyìnbó ò sọ pé òtútù ilé ló fà á bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń wí. Wọ́n ní láti oṣù 6 sí ọdún 5 ló máa ń ṣe wọ́n tí ara bá gbóná, ọ̀pọ̀ ló sì ń dàgbà kúrò níbẹ̀ láìsí wárápá. Ọmọ mi ti pé 9 báyìí.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Òótọ́ ni, àmọ́ ó lè padà wá o, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló máa ń tún mú.

Ìyá Àyọ̀: A ti lọ, ibà ni wọ́n rí. Ó ń jẹ ògì lọ́wọ́. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá, wọ́n ní kí n tún ti Mọ́rẹ̀nikẹ́ kà.