Báwo ni mo ṣe lè họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ilé láìfara gba májèlé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ilé kan tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú ọdún 1940 ni mo fẹ́ kùn lọ́tun. Ọ̀dà ti gun orí ọ̀dà lára fèrèsé àti ilẹ̀kùn onígi, ó sì ti ń bó.

Òjé ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀dà ayé àtijọ́ sábà máa ń ní in nínú (1978 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé), eruku rẹ̀ sì lè ṣàkóbá fún ọpọlọ ọmọdé. Àwa náà ní ọmọ kékeré nílé. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n fi ẹ̀rọ ha á tàbí kí n fi iná jó o. Omi ni màá máa fọ́n sí i kí n tó họ ọ́, pẹ̀lú ìbòmú tó ń dá eruku wẹ́wẹ́ dúró, kì í ṣe aṣọ lásán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ara igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Irin ìhọ̀dà kò lè wọ inú kọ̀rọ̀ yẹn láìba ọnà náà jẹ́. Ṣé kẹ́míkà tó dà bí lẹ́ẹ̀ ni kí n fi pa á? Mo gbọ́ pé òmíràn máa ń sọ igi di dúdú. Àbí ibi tó ń bó nìkan ni kí n họ, kí n kun ọ̀dà tuntun lé èyí tó ṣì dì mọ́ igi?

Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ sì ń da èèpo ọ̀dà náà sí?