Èsì: “Ipa àyíká” kọ́ ni ohun tí òfin ń bèèrè

Ẹ̀yin ará ilé yìí, mo kí yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ka awuyewuye yìí, lórí orúkọ Yorùbá tí ó yẹ kí a máa pe “environmental impact assessment”, láì dá sí i. Mo ní kí àwọn tó jù mí lọ kọ́kọ́ sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n lánàá ni ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé “àgbéyẹ̀wò ipa àyíká” ni ká máa pe iṣẹ́ àyẹ̀wò tí òfin ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ó ti wà nínú ìwé. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fojú fò mí, n kò gbà.

Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa fọ́ òkúta nítòsí abúlé wa, wọ́n sì pe gbogbo àdúgbò kí a wá sọ tẹnu wa. Ọmọkùnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ ń kà á láti inú bébà. Bébà náà kò ní àmì ohùn ẹyọ kan lórí, ló bá pè é ní “àgbéyẹ̀wò ipá àyíká”. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí, tó gbé abọ́ kájú lé itan, bi í léèrè pé: “Ọmọ mi, ta ni àyíká ń fipá mú?” Ẹ̀rín sọ. Títí ìpàdé fi tú, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí eruku òkúta máa ṣe fún láfún tí a sá sórí àpáta lẹ́yìnkùlé ibẹ̀.

Àwọn kan á ní àmì ohùn nìkan ló fa ìyẹn, ká ṣáà fi àmì sí i. Rárá o. Bí ọmọ náà bá tiẹ̀ pe ipa bó ṣe tọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì wọ́. Kí ni ipa ẹsẹ̀? Ohun tí ẹsẹ̀ fi sílẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ lára. Bí mo bá rí ipa ejò lórí iyẹ̀pẹ̀, ejò ló kọjá, kì í ṣe pé nǹkan kọjá lórí ejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ipa àyíká ṣe jẹ́: ohun tí àyíká ṣe fún wa. Ohun tí a wá ṣe fún àyíká ńkọ́? Ipa LÓRÍ àyíká nìyẹn, “lórí” yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè yọ dànù kí ó lè dùn ún kọ sára pátákó.

Arákùnrin wa tó wà ní Kánádà mú “ìbẹ̀rù Olúwa” wá, ó ní àwa la ń bẹ̀rù, Olúwa kọ́ ló ń bẹ̀rù, síbẹ̀ a kò sọ pé “ìbẹ̀rù lórí Olúwa”. Ó gbọ́n, mo sì gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti ara bẹ̀rù wá, bẹ̀rù sì ní ẹni tó máa ń gbà á: bẹ̀rù Olúwa, bẹ̀rù ejò. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló bí ipa tí àyíká lè jẹ́ àbọ̀ rẹ̀? Ẹnìkan dáhùn pé “pa” ni. Ó dáa. Bó bá jẹ́ pa ni, a jẹ́ pé ìpa àyíká ni ẹ ń gbé yẹ̀ wò: bí a ṣe ń pa á. Bóyá ìyẹn ló tiẹ̀ sún mọ́ òótọ́ jù!

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín pé ipa àyíká wà lóòótọ́, ó kàn jẹ́ nǹkan mìíràn ni. Nígbà ọyẹ́, ẹ jáde síta láàárọ̀. Eruku tó bo orí ọkọ̀ yín, tó ń mú ètè sán, tó ń fa ikọ́ fún ọmọ wẹ́wẹ́, apá kan rẹ̀ ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó dá a sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti aṣálẹ̀ ló fi ṣe wá. Ipa àyíká nìyẹn. Ẹ wá fi orúkọ kan náà pe eruku tí ẹ̀rọ ìfọ́kùúta fẹ́ máa tú sí wa lórí, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè ní “ọyẹ́ ni, ẹ fara dà á”?

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá kò ní “tẹ́lẹ̀” nínú. Nínú gbogbo òfin yẹn, tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1970. Tiwa, ẹ ó rántí Kókò, ìlú etí odò ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, ní 1988, nígbà tí wọ́n kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá dà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀, kó tó di pé wọ́n gbé Àṣẹ 86, òfin àyẹ̀wò yìí gan-an, jáde ní 1992. Ohun tí àṣẹ náà wí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì kọ́kọ́ ro ohun tí yóò ṣe fún àyíká. Ó dárúkọ ìfọ́kùúta pàápàá: bí ibẹ̀ kò bá tó kìlómítà 3 sí ibi tí èèyàn ń gbé, dandan ni àyẹ̀wò náà. Àgbéyẹ̀wò lásán kò sọ bóyá ṣáájú ni tàbí lẹ́yìn. Dókítà ń ṣe àgbéyẹ̀wò òkú.

Màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Arówómọlé kò mọ òfin kankan. Gàrí ló ń yan. Kó tó dáná láàárọ̀, á bu eérú àná díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fẹ́ ẹ sókè, á sì wo ibi tó forí lé. Lọ́dún kan, ìyàwó ilé kejì bímọ. Màmá ju eérú, eérú gba ojú fèrèsé ọlọ́mọ tuntun lọ. Kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbé agbada, ó tú ààrò náà ká, ó sì tún un tò sẹ́yìn ìgànná. Odindi òwúrọ̀ la fi ṣe é, ẹ̀gẹ́ tí a ti fún ń dúró dè wá. Gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń kọ ojú ìwé 300 lé lórí nìyẹn.

Nítorí náà, “àyẹ̀wòtẹ́lẹ̀ àkóbá” ni mo mú wá. Àsọtẹ́lẹ̀ wà, àròtẹ́lẹ̀ wà, àyẹ̀wòtẹ́lẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ “àwòtẹ́lẹ̀”, ìyàwó mi ló kìlọ̀ fún mi: bí òǹtẹ̀wé bá ṣèèṣì fi ọ̀ sípò ò, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni ìjọba á máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Ní ti àkóbá, ta ni kì í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí àkóbá? Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ àyíká ti ní òun kò fara mọ́ ọn, nítorí wọ́n máa ń ka ire mọ́ ọn pẹ̀lú, bí iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìpàdé tí wọ́n ti ní láti fipá mú olówó kó tó ka ire iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ní n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, òótọ́ ló sọ. Tíṣà ni mí. Ọdún 27 ni mo fi ń fa ìlà pupa sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí.

“Ìdọ̀tí afẹ́fẹ́” tí wọ́n tún kọ fún “air pollution”, ẹ jọ̀ọ́, ìdọ̀tí ni a ń gbá. Eruku kíkúnná (PM2.5) tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, bí ẹ bá to nǹkan bí 30 ẹyọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ju ìbú irun orí kan lọ. Ìgbálẹ̀ wo ló fẹ́ gbá a?

Ó ku “ìbàfẹ́fẹ́jẹ́” tí àwọn mìíràn mú wá fún nǹkan kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dára, “bà” tí wọ́n kọ sí i ni kò dára. Abanijẹ́, ìbanijẹ́: ohùn àárín ni. Ìbafẹ́fẹ́jẹ́ ni kí wọ́n kọ. Mo mọ̀ pé bàbá wa ará Ọ̀yọ́ á tún gbé ìbànújẹ́ kò mí lójú gẹ́gẹ́ bó ti ṣe nínú oṣù tó kọjá. Bàbá, ìbànújẹ́ ti gbó, ó ti di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, òun kọ́ ló máa kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun bí a ṣe ń rìn. Ẹ sì ti ní ẹ kò gbà. Ó dọwọ́ ẹni tó bá tún fẹ́ dá sí i. Ará ilé kejì ti tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé mi, mo ń lọ tì í.